Àwo Tí Mo Ha Orúkọ Kúrò Nídìí Rẹ̀

Ọ̀bẹ ni mo fi ń ha ìdí àwo kan lọ́wọ́ nígbà tí gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni, nínú ààwẹ̀ Ràmàdáánì, aago kan ààbọ̀ ọ̀sán, nínú kíṣìnì mi ní Peckham. Mo wo aago, ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ ọ́. Èmi kì í sọ ohun tí mi ò rí. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó láti ilé dé ilé, ohun tí mo bá sì rí ni mo ń kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn, kò lé, kò dín. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí òun ló kó mi sí wàhálà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ebi ààwẹ̀ ló ń pa mí. Wọ́n ti sọ ọ́ lójú mi. Ó ti sú mi láti máa dáhùn.

Mama Dorothy ló fún mi ní àwo náà. Òyìnbó Amẹ́ríkà ni wọ́n, ẹni ọdún mọ́kànléláàdọ́rùn-ún, tí ọkọ wọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì gbé wá sí London nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge. Ọkọ ti kú, wọn ò bímọ. Wọ́n ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lápá Camberwell. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu wọn láti àárọ̀ dalẹ́: Bremmer, ìlú wọn, ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, níbi tí oko àgbàdo ti yí ilé ká bí omi ṣe ń yí erékùṣù ká.

Ìlú ńlá ni ìwé ìjọba pè é o. Mama fi fọ́tò rẹ̀ hàn mí: títì kan, ṣọ́ọ̀ṣì méjì tó kọjú síra, ojú irin, àti àká àgbàdo kan tó ga ju gbogbo ilé lọ. Mo ní, "Mama, títì Rye Lane wa ní Peckham gùn ju ìlú yín lọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn. Wọ́n ní, "Ṣùgbọ́n ní Rye Lane, ta ló mọ orúkọ rẹ?"

Lóòótọ́, kò sí ẹni tí Mama ò mọ orúkọ rẹ̀ nínú àwọn fọ́tò yẹn. Àwọn ará Jámánì tó kọ́kọ́ fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin débẹ̀. Àwọn ará Sweden tó dé lẹ́yìn wọn, tí àwọn méjèèjì ò sì jọ sọ̀rọ̀ fún odindi ìran kan nítorí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó ń lu agogo, ẹni tó ń wọn àgbàdo. Mo máa ń gbọ́ ọ bí mo ṣe ń fi ìpara pa wọ́n lẹ́sẹ̀.

Ní Ọjọ́rú, Mama ní kí n bá wọn se oúnjẹ ìlú wọn: ọ̀dùnkún àti ẹran lílọ̀, pẹ̀lú àgbàdo lórí rẹ̀, nínú àwo kan tí wọ́n ní kí n gbé wálẹ̀ láti òkè kọ́bọ́ọ̀dù. Wọn ò jẹ ju ṣíbí mẹ́ta lọ. Wọ́n ní kí n gbé ìyókù lọ sílé, kí n sì dá àwo padà.

"Má jẹ́ kí nǹkan kan ṣe é," ni wọ́n wí. "Kì í ṣe tèmi."

Òfin iṣẹ́ wa ni pé a ò gbọdọ̀ gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí à ń tọ́jú. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà na oúnjẹ sí mi, kí n wá ní rárá? Mo gbà á. Ẹran rẹ̀ kì í ṣe èyí tí mùsùlùmí pa, mo gbé oúnjẹ náà fún ará ìsàlẹ̀ ilé mi. Ó wá ku àwo.

Àwo tó dára ni, funfun, ó nípọn. Mo fẹ́ fi gbé mọ́ínmọ́ín lọ sí mọ́ṣáláṣí fún ìṣínu lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, kí n dá a padà lọ́jọ́ kejì. Téèpù àtijọ́ kan lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, ó ti dúdú, ó ti gbó. Ohun tí mo ń fi ọ̀bẹ ha nìyẹn. Mo rí i pé wọ́n kọ nǹkan sí i. Mi ò kà á.

Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí abọ́ tí kò ní àmì ní mọ́ṣáláṣí. Kì í padà wálé mọ́. Nítorí náà mo mú kútẹ́ẹ̀sì pupa tí ọmọ mi ń kùn sí èékánná, mo kọ lẹ́tà méjì tó dúró fún orúkọ mi sí ìdí àwo náà, bí mo ṣe ń kọ ọ́ sí ìdí gbogbo ìkòkò mi. Lẹ́tà méjì péré.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo ṣí ilé Mama, mo wọlé, mo sì fi ṣéènì há ilẹ̀kùn padà bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Òórùn àgbàdo tó jóná kún inú ilé. Mo sáré wọ kíṣìnì, mo rò pé Mama ló tan iná sílẹ̀.

Iná ò sí. Obìnrin kan ló jókòó sídìí tábìlì.

Òyìnbó ni, á tó ẹni àádọ́ta ọdún. Ó so aṣọ ìdáná mọ́ra, ìyẹ̀fun sì bo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dé ìgúnpá. Mo rò pé ọ̀kan nínú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó máa ń bẹ Mama wò ni. Mo tẹ orúnkún díẹ̀, mo kí i. Òòrùn wọlé lójú fèrèsé, ó tàn sórí tábìlì, ó tàn sórí àga, ṣùgbọ́n kò tàn sára rẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́. Bí ẹni pé ibòmíràn ni ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ ti ń wá.

Ó rọra bi mí pé, "Àwo mi ńkọ́?"

Síbẹ̀, ara ò tíì fu mí. Mo yọ àwo náà nínú báàgì, mo fi ọwọ́ méjì gbé e fún un. Kò wo inú rẹ̀. Ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó fi ìka tọ lẹ́tà méjì náà, ó sì pe orúkọ mi.

Kì í ṣe lẹ́tà méjì náà ló pè o. Orúkọ mi ni, odindi, èyí tí bàbá mi sọ mí, pẹ̀lú ohùn tí ìyá mi fi ń pè é. Kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Ìwó. Orúkọ ọkọ mi ni wọ́n mọ̀ níbi iṣẹ́.

Mi ò jẹ́ ẹ. Ìyá mi ti kìlọ̀ fún mi nípa ìpè tí èèyàn ò mọ ibi tó ti wá.

Obìnrin náà ti àwo náà padà síwájú mi. "Tìrẹ ni, nígbà náà," ló wí. Ó dìde, ó gba ọ̀nà yàrá Mama. Mo tẹ̀lé e. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin ni láti kíṣìnì dé yàrá yẹn. Mi ò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀ àfi Mama. Mo padà lọ wo ẹnu ọ̀nà. Ṣéènì ṣì wà níbi tí mo há a sí.

Mama lajú sílẹ̀ lórí ibùsùn. Wọ́n bi mí pé ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ṣàlàyé aṣọ ìdáná àti ìyẹ̀fun. Wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Hilda," ni wọ́n wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sọ ìtàn tí wọn ò sọ fún mi rí. Bàbá Mama ló ń ṣọ́ àká Bremmer. Lọ́jọ́ kan, ó fi ẹ̀rọ sílẹ̀ láìpa á, eruku àgbàdo gbiná, àká sì bú gbàmù. Ọkùnrin márùn-ún kú, òun náà wà nínú wọn. Àṣà ìlú wọn ni pé bí èèyàn bá kú nínú ilé kan, àwọn obìnrin á gbé oúnjẹ lọ síbẹ̀ nínú àwo tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí ìdí rẹ̀, kí onílé lè mọ ẹni tó máa dá a padà fún. Wọn kì í sì í dá a padà lófìfo. Ilé mẹ́rin ni wọ́n gbé oúnjẹ lọ. Kò sẹ́ni tó yà sílé Mama, àfi Hilda. Bẹ́ẹ̀, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Hilda bí wà lára àwọn tó kú.

"Ojú ti ìyá mi," ni Mama wí. "Kò lè gbé e padà. A kó kúrò nílùú láìdágbére, àwo náà sì bá wa lọ. Mi ò fẹ́ kú kí ó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ṣé ó ti gbà á?"

Ì bá wù mí kí n purọ́. Mo dojú àwo náà délẹ̀, mo fi ìdí rẹ̀ hàn wọ́n. Wọ́n wò ó títí. Wọn ò bínú, ìyẹn gan-an ló dùn mí.

"Orúkọ rẹ̀ ló ń wá," ni wọ́n wí. "O ti ha á kúrò."

Mo ṣèlérí pé màá nu orúkọ tèmi kúrò, màá kọ ti Hilda padà, màá bu oúnjẹ kún un, màá sì gbé e wá ní Sátidé kí a jọ dúró dè é. Lẹ́yìn náà mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀, mo kọ ọ́: aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àlejò kan, obìnrin, ó béèrè àwo rẹ̀.

Mi ò tíì dé ibùdókọ̀ tí Kẹ́mi fi pè mí. Òun ló ń pín iṣẹ́ fún wa ní ọ́fíìsì, London ni wọ́n bí i sí, ẹgbẹ́ ọmọ mi ni. Orí fóònù ni ìwé àkọsílẹ̀ wa wà, ojú ẹsẹ̀ ló sì ń ka ohun tí a bá kọ.

"Aunty, please, ta ni àlejò yìí?"

"Hilda ni."

"Hilda who? Báwo ló ṣe wọlé?"

"Mi ò rí ibi tó gbà."

"Aunty, ṣé ẹ jẹ sààrì?"

"Mo jẹ ẹ̀wà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á rẹ́. Tí council bá rí i, wọ́n á ní Mama ń rí ohun tí kò sí, wọ́n á gbé wọn lọ sí home àwọn arúgbó."

"Kì í ṣe Mama ló rí i. Èmi ni."

"Ìyẹn ló wá burú jù, Aunty."

Mo ní mi ò ní pa ohun tí ojú mi rí rẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti yọ mí kúrò lọ́dọ̀ Mama. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní ẹ̀ẹ̀kan péré. Ó ní, "Nítorí àwo?" Mo ní, "Nítorí àwo." Ó ní òun máa bá ọ̀gá sọ ọ́ ní Mọ́ńdè. Mọ́ńdè! Bí ẹni pé ikú ń wo ìwé iṣẹ́ kó tó wọlé.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo nu ìdí àwo náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Kútẹ́ẹ̀sì bọ́, àpá lẹ́tà méjì náà kù, bí ẹni fi irin gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Mo lẹ téèpù tuntun lé e, mo kọ HILDA gàdàgbà, mo sì bu mọ́ínmọ́ín kún inú rẹ̀.

Wọ́n ti pààrọ̀ nọ́ńbà tí a fi ń ṣí àpótí kékeré ẹnu ọ̀nà tí kọ́kọ́rọ́ ilé Mama máa ń wà nínú rẹ̀. Mo kanlẹ̀kùn. Ọmọbìnrin tí wọ́n fi rọ́pò mi dáhùn láti inú. Ó ní ọ́fíìsì ní kí òun má ṣílẹ̀kùn fún mi.

"Àwo lásán ni mo gbé wá," ni mo wí.

"Ẹ gbé e sílẹ̀ níbẹ̀, mà."

A kì í gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọwọ́ ni wọ́n ń fà á lé. Mo ń gbọ́ òórùn àgbàdo tó jóná láti abẹ́ ilẹ̀kùn. Mo wo aago: méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Mo bẹ̀, mo bẹ̀, ọmọ náà ò ṣílẹ̀kùn. Mo gbé àwo mi padà. Ṣé ẹ rí i, mo ti ń pè é ní àwo mi.

Nígbà tí mo délé, mo gbé e jáde nínú báàgì. Ooru mọ́ínmọ́ín ti mú kí téèpù náà bọ́. Lẹ́tà méjì nìkan ló kù ní ìdí rẹ̀. Mo gbé e sórí tábìlì, mo jáde lọ ra dàbínù tí màá fi ṣínu.

Inú ilé ìkàwé ni mo ti ń kọ èyí, wọ́n sì ti kéde pé àwọn fẹ́ tìlẹ̀kùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nílé àwọn arúgbó, mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó fọ àwo wọn, ẹ wo ìdí rẹ̀. Bí orúkọ bá wà níbẹ̀, ẹ kà á. Ẹ má fi tiyín rọ́pò rẹ̀.

Níwájú ẹni tó ń ta dàbínù ni mo ṣì wà nígbà tí Kẹ́mi pè, kí n tó wá síbí. Ohùn rẹ̀ kéré, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ará ọ́fíìsì gbọ́. Ó ní Mama ti kú ní nǹkan bí aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ní ọmọ tuntun yẹn kọ nǹkan sínú ìwé kí ó tó ṣẹlẹ̀, òun fẹ́ kà á fún mi.

Ó kà á. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àlejò kan, obìnrin, ìyẹ̀fun lọ́wọ́ méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ó fi ahọ́n London rẹ̀ pe orúkọ kan wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Orúkọ mi ni, odindi, èyí tí bàbá mi sọ mí. Ó ní obìnrin náà ní òun ń lọ sílé ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, òun á dúró dè é nídìí tábìlì.

Lẹ́yìn náà ló wá bi mí pé, "Aunty, ṣé ilé lẹ wà báyìí?"