Sátidé Tí Màámi Sáré Wọ Pápá

Bí tíṣà bá tún ní kí n kọ̀wé lórí ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé, Sátidé tí màámi sáré wọ pápá náà ni n ó kọ.

Lásìkò tí owó epo kún ìlú ni. Bùọ̀dá mi, Délé, tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun ní Bẹ́ljíọ́mù, wá kí wa ní Ìsọlọ̀. Àwọn ọmọ Ṣógúnlé ní àwọn fẹ́ bá àdúgbò wa gbá bọ́ọ̀lù, Bùọ̀dá sì gbà. Màámi, tí kò wòran bọ́ọ̀lù rí, gbé àpótí wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá.

Kò pẹ́ tí ẹnìkan fi gbá Bùọ̀dá lẹ́sẹ̀, ó ṣubú lulẹ̀ gbì. Àyà mi já, torí ẹsẹ̀ yẹn ló ń gbọ́ bùkátà gbogbo wa. Kí rẹfirí tó fọn fèrè, màámi ti débẹ̀.

"Kí lọmọ mi ṣe fún yín? Ẹ̀yin mọ́kànlá lórí ẹyọ ọmọ kan?"

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Màámi kúnlẹ̀, ó ń fi etí ìró rẹ̀ nu iyẹ̀pẹ̀ orúnkún ọmọ rẹ̀.

"Ẹ má jáyà, màámi, kò ṣe mí ní nǹkan kan," ni Bùọ̀dá wí. "Lọ́hùn-ún, tí mo bá ṣubú, omi tútù ni wọ́n ń dà sí i. Kò sẹ́ni tó ń bá mi nù ún."

Rẹfirí ní kó dìde. Bùọ̀dá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì na orúnkún kejì sí màámi.