Àdúrà Iwájú Ààrò

Bí ẹ bá gbọ́ ẹ̀rín láti ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì yẹn láàárọ̀, ẹ má wulẹ̀ béèrè ẹni tó ń rín in. Ìyá Oníbúrẹ́dì ni. Obìnrin tó sanra dáadáa, tí apá rẹ̀ ki pọ́pọ́ bí ọmọ odó, tí fúláwà kì í kúrò lójú rẹ̀ títí di ọ̀sán. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́, òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Lọ́yà. Àbúrò yìí ò ka ìwé òfin kankan o. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Bí ẹ bá ní ilẹ̀ ti mọ́, Lọ́yà á bi yín pé ta ni ẹlẹ́rìí yín.

Nígbà tí bàbá wọn kú, àwọn méjèèjì ló jọ jogún ààrò náà. Ẹ̀gbọ́n ń pò, àbúrò ń dáná, ó sì ń yan. Kí wọ́n tó ti páànù kankan bọ inú ààrò, wọ́n á dúró níwájú rẹ̀ bí bàbá wọn ti máa ń ṣe, wọ́n á gbàdúrà kúkúrú, wọ́n á ṣe oore-ọ̀fẹ́, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún, kò sí wàhálà.

Ọ̀rọ̀ ìdìbò ló da ilé rú. Ìyá Oníbúrẹ́dì ní ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba lòun máa dìbò fún, torí pé wọ́n tún títì ọjà ṣe. Lọ́yà ní títì wo, ṣé èyí tí òjò kan ṣoṣo ti bó bí èèpo? Ẹgbẹ́ kejì ni tirẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, àwàdà ni. Nígbà tó yá, àwàdà di àríyànjiyàn, àríyànjiyàn sì tọ̀ wọ́n wọnú àdúrà.

Lọ́yà ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó dijú, ó bẹ Olúwa pé kó la ojú àwọn tí wọ́n ń fi títì tàn jẹ, àgàgà àwọn tó wà nítòsí. Ìyá Oníbúrẹ́dì ṣe Àmín tìkanratìkanra, ó wá gba tirẹ̀: kí Ọlọ́run yọ àwọn àbúrò kan lọ́wọ́ ẹlẹ́nu dídùn. Lọ́yà ní òun náà ò tíì parí. Bí wọ́n ṣe ń rán Ọlọ́run níṣẹ́ èébú síra wọn nìyẹn, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ẹnì kejì ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Kí wọ́n tó lajú, fúláwà tí wọ́n pò ti wú kọjá etí páànù, ó ti ṣàn sórí tábìlì, ó ń já bọ́ sílẹ̀. Àwọn oníbàárà dé, wọn ò rí nǹkan kan rà.

Láti ọjọ́ yẹn, wọ́n pín àdúrà. Ẹ̀gbọ́n ń gba tirẹ̀ nídìí àpò fúláwà, àbúrò ń gba tirẹ̀ nídìí igi ìdáná. Nígbà tó yá, ìkíni náà dáwọ́ dúró. Bí Ìyá Oníbúrẹ́dì bá ní nǹkan sọ, ààrò ló ń sọ ọ́ fún, pé kó bá òun wí fún ẹni tó ń dáná pé iná ti pọ̀ jù. Lọ́yà á sì dá tábìlì lóhùn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ń dun obìnrin yìí. Gbogbo ìgbà tó bá kúnlẹ̀ nílé láti gbàdúrà fún àbúrò rẹ̀, ẹjọ́ ló ń rò.

Ibi tí nǹkan wà nìyẹn nígbà tí àbúrò bàbá wọn obìnrin wá kí wọn. Ìyá Kékeré ni wọ́n ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ga ju gbogbo ẹbí lọ. Ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bá ààrò sọ̀rọ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n jókòó. Ó ní òun ò wá dájọ́ ẹgbẹ́ kankan, òun náà ní ẹni tóun fẹ́ dìbò fún, ẹnikẹ́ni ò sì ní gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu òun.

"Láti àárọ̀ ọ̀la," ó ní, "ẹnikẹ́ni ò ní gba àdúrà ara rẹ̀ níbí mọ́. Kí kálukú bi ẹnì kejì ohun tó ń fẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kó bá a bẹ̀bẹ̀ fún un. Ẹ ò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ kan kún un."

Lọ́yà fẹ́ fèsì. Ìyá Kékeré ní kóòtù ti tú ká.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n dúró níwájú ààrò bí àwọn tó fẹ́ ya fọ́tò. Lọ́yà wolẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni kí n bá yín bẹ Olúwa?"

Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni Ìyá Oníbúrẹ́dì fẹ́ dárúkọ. Ohun mìíràn ló jáde. "Orúnkún mi ni. Mi ò lè dúró pẹ́ mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé iṣẹ́ yìí máa bọ́ lọ́wọ́ mi."

Lọ́yà wo orúnkún náà. Ó ti pẹ́ tó ti ń rí i tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń jókòó lẹ́nu iṣẹ́. Ó rò pé ṣe ló ń fojú di òun ni. Ó dijú, ó gbàdúrà fún orúnkún náà, kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Nígbà tó kan tirẹ̀, ó ní ọmọbìnrin òun tó wà nílé ọkọ ò pe òun mọ́, torí òun ti bá ọkọ rẹ̀ jà lórí ọ̀rọ̀ ìdìbò yìí kan náà.

"Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run kọ́mọ mi lè gbà mí padà. Ó ti sú mi láti máa borí nínú àríyànjiyàn."

Ìyá Oníbúrẹ́dì di ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ̀lú gbogbo fúláwà tó wà lọ́wọ́, ó gbàdúrà náà pẹ̀lú omijé. Wọ́n ṣe oore-ọ̀fẹ́. Ó wá sọ fún un pé Ọlọ́run ti gbọ́, àmọ́ Lọ́yà náà kúkú ní fóònù. Lọ́yà jáde sẹ́yìn ilé, ó pe ọmọ rẹ̀, ó tọrọ àforíjì. Nígbà tó wọlé padà, ojú rẹ̀ ti yàtọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti kan àga gíga kan fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó lè jókòó lé máa pò.

Ìdìbò dé, ó lọ. Ẹgbẹ́ Lọ́yà ló wọlé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbìyànjú láti pa ẹnu mọ́, ó wá bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìbéèrè tó ti mọ́ wọn lára.

"Bẹ Ọlọ́run kó fún mi ní sùúrù," ni Ìyá Oníbúrẹ́dì fi dá a lóhùn, "torí mo rí i bí eyín ẹ ṣe ń yọ."

Lọ́yà gbà á bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Òun náà wá ní kó bá òun gbàdúrà fún ìjọba tuntun, kí wọ́n má dójú ti òun. Àdúrà yẹn kò rọrùn fún Ìyá Oníbúrẹ́dì, ṣùgbọ́n ó gbà á tọkàntọkàn.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, ọmọ Lọ́yà àti ọkọ rẹ̀ wá kí wọn. Àna àti àna jókòó sídìí tábìlì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí títì ọjà, búrẹ́dì gbígbóná kún ẹnu àwọn méjèèjì, kò sì sẹ́ni tó fìbínú dìde.