Ìyá Oníyanrìn

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni obìnrin náà, ṣùgbọ́n Ìyá Oníyanrìn ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ọmọbìnrin kan tí bàbá ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ jórinjórin ló fa orúkọ náà.

Ẹnu ọmọ yìí dá ṣáká. Bó bá ń pàlọ́, kíláàsì á pa lọ́lọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti ṣí ìwé Gẹ̀ẹ́sì, òógùn á bò ó. Lẹ́tà b á di d lójú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kà tán lókè, bó bá tún pàdé ẹ̀ nísàlẹ̀, á wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń pè é ní olódo. Olùkọ́ náà kò gbà. Ta ni olódo tí í gbọ́ ìtàn lẹ́ẹ̀kan, tí á sì tún un sọ láìfo ibì kan?

Ó mú un lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tó ń yẹ ojú wò.

“Ojú ẹ̀ ò ṣe nǹkan kan,” ni nọ́ọ̀sì wí. “Lẹ́tà àti ìró ni kì í tètè so pọ̀ lọ́kàn ẹ̀. Dislẹ́síà ni wọ́n ń pè é. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ àti etí ẹ̀ bá ojú ṣiṣẹ́.”

Bí olùkọ́ ṣe da iyanrìn sínú tírè nìyẹn. Lẹ́yìn tí kíláàsì bá tú, ọmọ náà á máa fìka kọ lẹ́tà, á sì máa pe ìró ẹ̀ bó ṣe ń kọ ọ́. Ìgbà tí wọ́n dé orí “knife”, ìyẹn ọ̀bẹ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó bínú.

“Kí ni K yìí ń ṣe níbẹ̀, tí a ò pè é?”

“Ó kàn jókòó ni, bí àlejò tó ń retí oúnjẹ.”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí. Kò gbàgbé K náà mọ́.

Lọ́jọ́ kan, bàbá ẹ̀ yọ sí wọn. “Tíṣà, wọ́n ní iyanrìn lọmọ mi ń fi ṣeré níbí.”

“Ẹ jókòó, bàbá. Ẹ wò ó fúnra yín.”

Ọmọ náà rọra kọ gbólóhùn kan, ó sì kà á.

“Kí ló túmọ̀ sí?” ni bàbá bi í.

“Bàbá mi ló ṣe géètì ilé ìwé yìí.”

Ọkùnrin náà nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó na ìka sí iyanrìn. “Ẹ jẹ́ n gbìyànjú tèmi náà.”

Kò pẹ́ tó fi gbé tírè onírin ńlá kan wá fún gbogbo kíláàsì, ó ti fá etí ẹ̀ kó má baà gé ọmọ lọ́wọ́. Àwọn tó ń fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́ ló kọ́kọ́ tò sídìí ẹ̀.

Nígbà ìdánwò, olùkọ́ bẹ ọ̀gá ilé ìwé pé kí wọ́n máa ka ìbéèrè sí ọmọ náà létí. Ọ̀gá gbà. Ọmọ náà yege. Kò gba ipò kìíní, ìwé kíkà ẹ̀ ò sì tíì yá, ṣùgbọ́n òun fúnra ẹ̀ ló ń na ọwọ́ báyìí pé òun fẹ́ kà.