Ìbò Ẹyọ Kan ní Ṣógúnlé

Wọ́n ní fìríìjì ni wọ́n fi ra Tinúadé. Onílẹ̀kùn méjì ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yóò fi ti Ṣógúnlé dé Apakun, ó ti di èyí tó ń pọ yìnyín fúnra rẹ̀, tí obìnrin náà gbé lọ fi pamọ́ sílé ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Torí fìríìjì yìí, wọ́n ní, ló ṣe kẹ̀yìn sí ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ ìbò.

Ohun tó bí ìròyìn náà kò pọ̀. Babáṣọlá ọkọ rẹ̀, tó fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ṣe akọ̀wé kóòtù kó tó fẹ̀yìn tì, ló gbé àpótí ìbò fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ kékeré kan tí àmì rẹ̀ jẹ́ ṣíbí. Ní yunìtì ìdìbò tó wà lẹ́nu ọ̀nà wọn, níbi tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ti dìbò gómìnà àti ti aṣòfin lọ́jọ́ kan náà, wọ́n ka èsì aṣòfin síta: ṣíbí, ẹyọ kan. Ọkọ kan, aya kan, ìbò kan. Àdúgbò ò nílò ẹ̀rọ ìṣirò.

Tinúadé mọ ibi tí òun tẹ̀ka sí. Ó tẹ ṣíbí náà bí ẹni ń pa ìdun. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà á gbọ́? Babáṣọlá ò pariwo, kò sì bú u. "Madam" ló kàn ń pè é, obìnrin tó ti ń jẹ́ Ìyá Adémidé láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Kò jẹ ọbẹ̀ rẹ̀ mọ́. Búrẹ́dì àti sadíìnì ló ń jẹ bí àgùnbánirọ̀ tí kò mọ iná dá. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó ní òun ń lọ lo oṣù kan lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ní Jakande. Tinúadé sì mọ̀ pé ọjọ́ tí báàgì yẹn bá jáde, àdúgbò yóò ní ó ti kọ òun sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Sherifdeen télọ̀ yà sí ṣọ́ọ̀bù tí Tinúadé ti ń ta òwú àti bọ́tìnì. Òun ló ṣojú ẹgbẹ́ mìíràn nígbà tí wọ́n ń ka ìbò náà.

"Àǹtí, ẹ fún mi ní síìpù dúdú mẹ́fà. Fìríìjì ńkọ́?"

"Ó ń kí ẹ. Ó ní kó o wá mu omi tútù."

Sherifdeen rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú. Ìbò yẹn ṣáà fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín pa mí. Ẹnì kan ò tẹ̀ka rárá, báírò ló fà yọ, ó buwọ́ lu ìwé ìbò aṣòfin bí ẹni gba owó oṣù. Ìbuwọ́lùwé ọ̀hún gùn débi pé ó gba orí ẹgbẹ́ bíi mẹ́rin kọjá. Ọ̀gá yunìtì gbé e sókè hàn wá, ó ní kò wúlò."

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ìlà méjì wà nídìí ẹ̀. Ó tún wá to ẹ̀kán inki mẹ́ta sí i."

Síìpù mẹ́jọ ni Tinúadé kà fún un dípò mẹ́fà. Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó kọrí sílé.

Babáṣọlá ti di báàgì tán.

"Bàbá Adémidé, kí ẹ tó lọ. Lọ́jọ́ ìbò, ṣé ẹ tẹ̀ka?"

"Mo tẹ̀ka sí ti gómìnà, Madam."

"Tiyín ńkọ́?"

Ó wò ó bí ẹni ń wo ẹlẹ́rìí tí kò mọ òfin kóòtù. "Ẹni tí kò mọ̀wé ló ń tẹ̀ka. Àìmọye ènìyàn ni mo ti di àtàǹpàkò wọn mú, tí mo tẹ̀ ẹ́ bọ inki. Ti gómìnà, ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn nìyẹn. Tara mi, mo fọwọ́ sí i bó ṣe yẹ."

"Pẹ̀lú ìlà méjì nídìí?"

"Àti ẹ̀kán mẹ́ta," ni Babáṣọlá wí, tìgbéraga-tìgbéraga.

Tinúadé jókòó lé báàgì ọkọ rẹ̀, ó sì sọ ohun tí Sherifdeen rí fún un. Ìwé ìbò ilé aṣòfin kan ṣoṣo ni wọ́n fagi lé ní yunìtì náà, Babáṣọlá ló fọwọ́ sí i.