Wáyà Mẹ́ta Ọláyíwọlá

Nígbà tí ìkórè ìjọ Aládùúrà ní Òde-Omi ku ọjọ́ mẹ́fà, Ọláyíwọlá jí ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé, ó wo òpó ọkọ̀ rẹ̀, ó sì rí i pé ó tún ti tẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú ni ó fún àwọn wáyà rẹ̀ le, tí ó fi okùn olójé wọn òpó náà títí ó fi dá a lójú pé ó dúró ṣánṣán. Ilẹ̀ kan ṣoṣo ló mọ́ sí i, òpó sì ti fì sí ìhà ilé Zechariah, àbúrò ìyàwó rẹ̀, bí ẹni tí ó ń fetí sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn án.

Ọmọ Òkè-Àgbò ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni Ọláyíwọlá. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni ó fi ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ àtúnṣe ti yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, tí ó ń tún àga, ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ omi àti ohunkóhun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá bàjẹ́ ṣe, kí ó tó fẹ̀yìn tì ní ọdún 2011. Ohun tí ó gbé e dé etí ọ̀sà ti wà nínú rẹ̀ tipẹ́. Ní ọdún 1985, nígbà tí ó kọ́kọ́ tẹ̀ lé Àbẹ̀bí, ìyàwó rẹ̀, lọ kí àwọn òbí rẹ̀ ní Òde-Omi, ọkọ̀ bàbá Àbẹ̀bí ni ó gbé wọn kọjá ọ̀sà. Aṣọ ìgbòkun ni bàbá náà ta sí i. Kò sí ariwo, kò sí èéfín. Omi nìkan ni Ọláyíwọlá ń gbọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí yóò fi fẹ̀yìn tì, bàbá ti kú, ọkọ̀ rẹ̀ ti jẹrà, kò sì sí ìgbòkun kan ṣoṣo mọ́ ní gbogbo èbúté náà. Ẹ̀rọ ni gbogbo wọn ń lò. Ọláyíwọlá pinnu pé òun yóò dá ìgbòkun padà síbẹ̀ kí ojú òun tó di.

Ó ra pákó ọ̀mọ̀ ní ilé-ìlagi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó kó o wá sí Òde-Omi, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ọkọ̀ méjì tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó jọra. Ó fi igi apá méjì so wọ́n pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó sì tẹ́ pákó sí àárín. Ìbejì ni àwọn ará èbúté ń pè é. Òpó ìgbòkun dúró ní àárín Ìbejì, wáyà mẹ́ta ló sì dì í mú: ọ̀kan lọ síwájú, méjì yòókù lọ sí ọ̀tún àti òsì. Ní ìsàlẹ̀ wáyà kọ̀ọ̀kan ni bóòtù gígùn kan wà tí ènìyàn lè máa yí láti fi fa wáyà náà le. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá já, òpó á wó.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, ọ̀kan já. Wáyà tín-ín-rín ni ó fi ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ sì ti jẹ ẹ́ láàárín ọdún méjì. Òpó wó lu àtíbàbà tí Màmá Rachel ti ń yan ẹja. Kò pa ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹja ọjọ́ méjì bọ́ sínú iná.

Zechariah ni àbúrò Àbẹ̀bí, òun ló sì ń bójú tó èbúté ìdílé wọn. Ó fara balẹ̀ sọ̀rọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ọdún méjì rèé tí Ìbejì ti ń gba èbúté mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ̀rọ nìkan ló kù kí ó máa kó èrò. Ẹ jẹ́ ká fi Sátidé tó ṣáájú ìkórè ṣe gbèdéke. Bí ó bá di ọ̀sán ọjọ́ náà tí òpó yìí kò dúró ṣánṣán, tí kò sì gbé ìgbòkun wọ ọ̀sà láìtẹ̀, màá fi ayùn gé e nídìí, màá sì so ẹ̀rọ mọ́ ọkọ̀.”

Ọláyíwọlá gbà. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni ó rò pé ó jẹ́.

Ó lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀, Síkírù, ní Òkè-Àgbò. Síkírù ti ń fi ọkọ̀ agbégi kó gẹdú láti ìgbà èwe wọn, wáyà tí wọ́n fi ń wọ́ ìtì igi jáde nínú igbó ni ó sì fún un. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí wọ́n bá ní kí ènìyàn dárúkọ wáyà tó lágbára, wáyà gẹdú ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ.

“Wáyà tó wọ́ ìrókò gba inú odò kọjá,” Síkírù ń rẹ́rìn-ín, “ṣé òpó tí ìwọ fi ọwọ́ gbẹ́ ni yóò wá borí rẹ̀? Wallahi, ọkọ̀ rẹ á fọ́ kí wáyà yìí tó já.”

Ó gé e sí mẹ́ta, ó ṣẹ́ orí rẹ̀ kọ̀ọ̀kan po bí òrùka, èyí tí wọ́n ń pè ní etí, ó sì fi ẹ̀rọ tẹ irin mọ́ etí náà kí ó má baà tú mọ́ láéláé.

Òótọ́ ni Síkírù sọ. Wáyà náà kò já. Ṣùgbọ́n bí Ọláyíwọlá bá fún un le ní àárọ̀, á ti dẹ̀ kí ó tó di ìrọ̀lẹ́. Láti ìgbà náà títí dé òpin oṣù kẹsàn-án ni ó ti ń yí bóòtù. Ó rò pé bóòtù ni kò dára. Ó pààrọ̀ wọn. Ó rò pé igi tó kan wáyà mọ́ ló ń rọ̀. Ó yọ ọ́, ó fi òmíràn sí i. Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ ìkórè, ọ̀rọ̀ wá kan Àbẹ̀bí, tí ó jókòó sórí ègé igi apá kan tó ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n ń kan ọkọ̀, tí ó na okùn olójé sókè.

“Ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n, Ìyá Adépéjú.”

“Ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Òpó yín ló ń gbọ̀n.”

“Ṣáà dúró jẹ́ẹ́ kí n rí okùn.”

“Láti aago méje ni mo ti wà jẹ́ẹ́, Bàbá Adépéjú. Ká ní èmi ni òpó yìí ni, ẹ ò bá ti ta ìgbòkun lọ.”

Àwọn tó ń tún àwọ̀n ṣe nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Ọláyíwọlá ju sípánà mọ́lẹ̀. Sípánà ta lórí pákó, ó fò sínú omi. Odidi wákàtí kan ni ó fi ń fi ẹsẹ̀ wá a nínú ẹrẹ̀, pẹ̀lú ṣòkòtò tó ká dé orúnkún. Nígbà tí ó rí i, tí ó gbójú sókè, òpó tún ti tẹ̀ sí i.

Ní Ọjọ́rú, àwọn bóòtù dé òpin. Kò sí ibi tí ó tún lè yí wọn sí. Zechariah, tí ó ti ìsìn ọ̀sán dé, ń fi fáìlì pọ́n eyín ayùn lójúde. Kò ṣe é láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ayùn náà kú ni. Ṣùgbọ́n ìró fáìlì náà ń wọ Ọláyíwọlá lára.

“Ẹ̀gbọ́n, a ti gbàdúrà sí ọ̀rọ̀ yín o,” ni Zechariah wí. “Wòlíì ní ẹ̀mí ìtẹríba ló wà nínú òpó náà.”

“Fi mí sílẹ̀, Zechariah.”

Màmá Rachel, tí kò tíì dárí ji òpó náà tán, ń yí ẹja lórí iná. Ó gbọ́, ó sì dá sí i.

“Ọkọ Àbẹ̀bí, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan. Òpó iná tó wà lẹ́yìn ilé mi, ọdún méje rèé tí wọ́n ti rì í síbẹ̀. Iná kò tíì dé títí di òní. Ṣùgbọ́n wáyà tó di òpó náà mú ni mo ń sá sùtánà mi sí, tó rin gbingbin, àwọ̀n náà ń bẹ lórí rẹ̀ nígbà míì. Òpó ọ̀hún kò tẹ̀ rí. Kí ló wá ṣe tiyín?”

Ìbínú ló gbé Ọláyíwọlá dé ẹ̀yìn ilé náà, kì í ṣe ìrètí. Ó gbá wáyà òpó iná mú. Kò nípọn tó wáyà gẹdú. Ó gbìyànjú láti tẹ̀ ẹ́, kò tẹ̀. Àwọn okùn irin rẹ̀ kò ju méje lọ, wọ́n le, wọ́n lọ́ mọ́ra gírígírí. Ojú tì í. Ní yunifásítì, òun wà lára àwọn tó ri irú òpó bẹ́ẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ na irú wáyà yìí. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni ó fi ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lọ síbi iṣẹ́.

Ó padà sí èbúté, ó fi òòlù àti irin la ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan nínú àwọn wáyà gẹdú láìgé e, ó sì wo inú rẹ̀. Okùn ló bá ní àárín rẹ̀, okùn lásán tí wọ́n fi gíríìsì rẹ. Wọ́n ṣe wáyà gẹdú kí ó lè máa ká, kí ó sì máa tú. Bí a ti ń fà á ni okùn inú rẹ̀ ń fún pọ̀, tí wáyà náà sì ń gùn sí i. Fífa nǹkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Kò mọ bí a ti ń di nǹkan mú sójú kan.

“Ẹ gé wáyà òpó iná yẹn,” ni Zechariah wí. “Ta ni yóò bi yín?”

“Kí òmíràn tún wó lu Màmá Rachel?”

“Mo gbọ́ yín o,” Màmá Rachel dáhùn láti inú èéfín.

Ní Ọjọ́bọ̀, Ọláyíwọlá sọ òpó kalẹ̀, ó ká wáyà gẹdú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ó lè fi wọn tuntun, ó sì mú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó pọ̀n. Ilẹ̀ ti ń ṣú kí ó tó dé ọ̀dọ̀ Síkírù.

“Kí ni wáyà mi ṣe?” Síkírù béèrè.

“Okùn ló wà nínú rẹ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Ta ni kò mọ̀?”

Ọláyíwọlá sọ wáyà gẹdú náà kalẹ̀. “O ò sọ fún mi.”

“O ò bi mí. Wáyà tó lágbára lo ní o fẹ́. Ṣé kò lágbára ni?”

Ní ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun èlò iná. Ó wà ní títì. Ẹni tó ni ín ti lọ kírun, ó sì tún gba ilé àna rẹ̀ lọ sí Ìlápòrú. Aago mẹ́ta kọjá kí ó tó dé. Wọ́n ra wáyà, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà gẹdú, wọ́n gé e ní ìwọ̀n kan náà, Síkírù sì fi ẹ̀rọ tẹ irin mọ́ etí rẹ̀. Ọláyíwọlá sùn ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì dé Òde-Omi ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ Sátidé.

Àwọn apẹja mẹ́rin bá a gbé òpó ró. Ó so wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ bóòtù wọn, ó yí, ó yí, títí bóòtù fi dé òpin. Wáyà náà ṣì ń mì lẹ̀ẹ̀lẹ̀ẹ̀. Ó fi ọwọ́ wọn ọ́n: ó fi bí ìbú ọwọ́ kan gùn jù. Ìgbà náà ni ó tó yé e. Wáyà gẹdú tó ti gùn sí i ni ó fi wọn wáyà tuntun. Èyí kò ní gùn sí i, kò sì ní kúrú. Etí rẹ̀ ti di, ẹ̀rọ tó lè tún un ṣe sì wà ní Òkè-Àgbò.

Ó jókòó sórí pákó ọkọ̀, ó gbé orí lé orúnkún. Aago mọ́kànlá kọjá. Zechariah ti gbé ayùn dé, ó dúró létí omi, kò sì mọ ibi tí yóò kọ ojú sí.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti gbìyànjú,” ni ó wí jẹ́jẹ́.

Àbẹ̀bí wà lórí ègé igi rẹ̀, níbi tó ti jókòó láti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó wo wáyà, ó wo òpó.

“Bí wáyà bá gùn jù,” ó ní, “ṣé òpó kò lè ga sí i ni?”

Ọláyíwọlá gbé orí sókè. Ó wo ìyàwó rẹ̀ pẹ́, lẹ́yìn náà ó wo ohun tó jókòó lé.

“Àbẹ̀bí, dìde.”

“Kí ni mo tún ṣe?”

“Dìde lórí igi yẹn. Zechariah, mú ayùn wá.”

Igi apá le. Ayùn tí wọ́n ti pọ́n láti Ọjọ́rú ló gé e. Zechariah fúnra rẹ̀ ló di ayùn mú ní ìdajì iṣẹ́ náà, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n gé e ní ìbú ọwọ́ kan àti díẹ̀ lé; èyí tó kù kò tó ìjókòó mọ́. Wọ́n tú bóòtù, àwọn apẹja gbé ìdí òpó sókè, wọ́n sì ti igi náà bọ abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Ọláyíwọlá tún yí bóòtù, kò tíì dé òpin tí wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi le. Ó fi ìka ta ọ̀kan; ó dún.

Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Zechariah fi èjìká ti òpó. Ó rọ̀ mọ́ wáyà ọ̀tún pẹ̀lú gbogbo ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọ inú ọkọ̀ pẹ̀lú ayùn rẹ̀, ó ní òun yóò fi ojú ara òun rí ìyókù.

Wọ́n ta ìgbòkun. Afẹ́fẹ́ gbá a, Ìbejì sì kúrò ní èbúté bí ẹni tí wọ́n ń pè. Wọn kò tíì dé àárín ọ̀sà tí afẹ́fẹ́ fi kú pátápátá. Ìgbòkun rọ̀ wálẹ̀. Nǹkan bí wákàtí kan ni wọ́n fi jókòó sínú oòrùn, tí Zechariah ń pòṣé, tí Ọláyíwọlá ń wo ojú ọ̀run tí kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ọkọ̀ ẹlẹ́rọ kan tó kún fún èrò sáré kọjá.

“Ẹ kú ìjókòó o!” ọ̀kan nínú wọn kígbe. “Ṣé ká bá yín sọ fún wọn nílé?”

Ìgbì ọkọ̀ náà gbé Ìbejì sókè, ó jù ú sílẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Àwọn méjèèjì di pákó mú, wọ́n sì gbé ojú sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí omi parọ́rọ́, Zechariah na okùn olójé láti ìdí òpó, ó sì dijú kan láti wò ó.

“Kò tẹ̀,” ó ní.

“Kò tẹ̀,” ni Ọláyíwọlá dáhùn.

“Ṣùgbọ́n a ò tíì dé ibì kankan, Ẹ̀gbọ́n.”

“A kò bá afẹ́fẹ́ ṣe àdéhùn.”

Zechariah wo ayùn tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tì í sábẹ́ pákó, ó sì mú àjẹ̀. Ọláyíwọlá mú èkejì. Bí wọ́n ti ń wa ọkọ̀ padà, ó ń fi ọwọ́ kan wáyà òsì ní gbogbo ìgbà tí ó bá gbé àjẹ̀ sókè. Bí ó ti le nígbà tí wọ́n jáde, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣì le. Ní èbúté, Àbẹ̀bí ń dúró dè wọ́n lórí ìdúró, nítorí kò ní ohun tí yóò jókòó lé mọ́.