Ríbọ́nnì Ẹnu Ọ̀nà Láàbù

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ júbà ríbọ́nnì. Ìwọ pupa dídán, tí o fúyẹ́ ju ìyẹ́ adìẹ lọ, tí àwọn ọkùnrin alágbádá ń tìtorí rẹ la òjò kọjá láti Adó. Bí wọ́n kọ́ ilé tán, tí wọ́n kùn ún, tí wọ́n gbé àga sínú rẹ̀, kò tíì di ilé àfi bí o bá dé. Kànga tó kún fún omi kò tíì ní omi. Afárá tí mọ́tò lè gbà kò tíì ṣeé gbà. Ọjọ́ tí wọ́n bá nà ọ́ láti òpó kan sí èkejì, tí ẹni ńlá kan là ọ́ sí méjì, tí àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, ọjọ́ náà ni omi ń di omi. Àlùfáà tó fẹ́ ya nǹkan sí mímọ́ á gbàdúrà, á tún kọrin. Ìwọ ò gbàdúrà, o ò kọrin, o kàn so kọ́ níbẹ̀ ni. Mo kí ọ. Mo sì kí sísọ́ọ̀sì rẹ, tí wọ́n máa ń gbé wá nínú àwo tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sí, bí ẹni gbé ọmọ tuntun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo ti fẹ̀yìn tì, mo ti padà sí ìlú wa, ìlú kékeré kan láàárín Ìjerò àti Aramọkọ. Èdè ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì títí wọ́n fi ní kí n máa lọ sílé. N kò di ọ̀jọ̀gbọ́n rí, ṣùgbọ́n Púrọ́ọ̀fù ni gbogbo ìlú ń pè mí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo máa ń sọ fún wọn pé mi ò dé ibẹ̀. Nígbà tó yá, ó rẹ̀ mí. Báyìí, mo ti ń dáhùn kí wọ́n tó pè é tán.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé lọ́dọ̀ mi, nítorí pé oko tí ìyá rẹ̀ ń dá ní apá Òkè-Ìmẹ̀sí jìnnà sí ilé ẹ̀kọ́ girama. Nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ò sì ní gbà á láìsí kírẹ́díìtì nínú kẹ́mísìrì. Kẹ́mísìrì inú ìwé, ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Èyí tí wọ́n ń fọwọ́ ṣe ni kò mọ̀, nítorí ilé ẹ̀kọ́ wọn ò ní láàbù. Tí ìdánwò àṣekágbá bá dé, wọ́n á yá ohun èlò díẹ̀ láti ìlú mìíràn, àwọn ọmọ á sì máa tò sí ìdí rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ pọn omi. Ọjọ́ ìdánwò gan-an ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń fọwọ́ kan bíúrẹ́ẹ̀tì fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀pá gíláàsì gígùn kan ni, ó ní ẹnu ẹ̀rọ kékeré nísàlẹ̀ tí wọ́n ń yí, kí omi inú rẹ̀ lè máa kán sínú ìgò títí àwọ̀ ohun tó wà nínú ìgò yóò fi yí padà. Bó bá kán kọjá ibi tó yẹ, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Àárín èyí ni owó ìrànwọ́ ìjọba dé. Wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ méjì tó bá fọwọ́ sowọ́ pọ̀, kí sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò lè gbèrú láàárín wọn, ni àwọn yóò fún. Ilé ẹ̀kọ́ tiwa bá fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú ti ìlú kejì, ìlú tí a ti ń bá jà lórí ààlà oko láti kékeré mi. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìwé tí wọ́n fi tọrọ rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé àjọṣe ìlú méjèèjì ti pẹ́, ó sì jinlẹ̀. N kò purọ́. Ìjà náà ti pẹ́, ó sì jinlẹ̀.

Wọ́n fún wa, láàbù kan fún ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì. Wọ́n tún ibi tí àwọn ọmọ ti ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà tẹ́lẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ tiwa kùn, wọ́n mọ tábìlì gígùn sí i, lọ́rì sì já páálí ohun èlò sílẹ̀ nínú ọyẹ́. Olùkọ́ kẹ́mísìrì, ọ̀dọ́kùnrin kan láti Ẹ̀fọ̀n, tú gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó tò wọ́n sórí tábìlì, ó sì ń nù wọ́n bí ẹni nu ojú ọmọ. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀gá ńlá ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ yẹ kó wá ṣí i láti Adó, wọ́n ta ríbọ́nnì láti òpó dé òpó níwájú ẹnu ọ̀nà. Ọ̀gá ò wá. Ó lọ sí ìsìnkú. Wọ́n ní kí ríbọ́nnì ṣì wà níbẹ̀, pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀gá wà ní Àbújá. Lẹ́yìn ìyẹn, òjò àkọ́rọ̀ gbé kánópì tí wọ́n ta dè é lọ. Ríbọ́nnì ṣì wà níbẹ̀.

Ewúrẹ́ kan wà tó ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ lọ sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàbù, nítorí síméńtì ibẹ̀ tutù. Òun nìkan ni ìfọwọ́sowọ́pọ̀ náà ṣe láǹfààní lákòókò yẹn.

Inú kíláàsì, olùkọ́ ń ya bíúrẹ́ẹ̀tì sójú pátákó. Tí wọ́n bá jáde fún ìsinmi, àwọn ọmọ á lọ fi imú ti gíláàsì fèrèsé láti wo ojúlówó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní, "Ọ́ńkù, mo rí i lónìí. Ó gùn ju ti inú ìwé lọ." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó rí òkun.

Olùkọ́ ní kí wọ́n máa fi ohun tó wà nílé dánra wò. Ọmọ náà bọ ìṣápá pupa, ó fi ṣìríǹjì fa omi kánún, ó ń kán an sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí tábìlì ìjẹun mi. Omi pupa náà di àwọ̀ ewé. Ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó tún pọ́n padà. Ó rẹwà púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ni wọ́n fi ń tì ṣìríǹjì. Bíúrẹ́ẹ̀tì ní ohun tí wọ́n ń yí, kò sì sẹ́ni tó lè sọ fún un bó ṣe máa ń rí lọ́wọ́.

Mo lọ bá pirinsípà.

"Púrọ́ọ̀fù, ẹ jókòó. Ṣé kí wọ́n wá mínírà fún yín?"

"Mi ò fẹ́ mínírà. Ọ̀rọ̀ láàbù ni mo bá wá."

"Ẹ ti rí i? Ó rẹwà, àbí?"

"Mo rí i lójú fèrèsé, bíi ti gbogbo èèyàn."

Ó rẹ́rìn-ín. "Wọn ò tíì kọmíṣọ̀n ẹ̀ ni, sà."

"Oṣù tó ń bọ̀ ni ìdánwò."

"Mo mọ̀, sà. Ọmọ tèmi náà wà níbẹ̀."

Èyí kò sí nínú ohun tí mo mú bọ̀ láti ilé. Mo ti to ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn tó dára sẹ́nu, gbogbo rẹ̀ sì bàjẹ́ mọ́ mi lẹ́nu.

"Àbígbẹ̀yìn mi ni," ó ní. "Ẹ rò pé inú mi ń dùn? Tí a bá wọ ibẹ̀, tí ìgò kan ṣoṣo bá fọ́ kí ọ̀gá tó dé, wọ́n á ní mo ti tà á."

"Ṣé gíláàsì kì í fọ́ ni?"

"Ó ń fọ́, sà. Èyí tó bá fọ́ lẹ́yìn kọmíṣọ̀n, kò sẹ́ni tó máa bi mí. Èyí tó bá fọ́ ṣáájú, orúkọ mi ló ń jẹ́."

"Pirinsípà ìlú kejì ńkọ́?"

"Hà! Ìyẹn? Ìyá yẹn ti ní tí a bá fọwọ́ kan ríbọ́nnì láìsí àwọn, àwọn á sọ fún ọ́fíìsì pé a ti gba láàbù mọ́ wọn lọ́wọ́. Púrọ́ọ̀fù, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé a fẹ́ràn ara wa."

Mo pe ọ́fíìsì l'Ádó. Obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù gbé fóònù. Mo ní, ọjọ́ wo ni ọ̀gá ń bọ̀? Ó ní ó wà nínú ètò. Mo ní, ọjọ́ wo ni ètò? Ó ní ètò ṣì ń lọ lọ́wọ́. Mo ní, ṣé àwọn ọmọ lè máa lo láàbù kí ètò tó dé?

"Wọ́n lè lò ó, sà. Kí wọ́n kàn má gé ríbọ́nnì."

Mo fò sókè. Mo sáré lọ sọ fún pirinsípà.

"Ṣé ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà?"

Mo tún pè. Ó ní ẹni tó máa fọwọ́ sí lẹ́tà bá ọ̀gá rìnrìn àjò.

"Púrọ́ọ̀fù," pirinsípà wí, "ẹ gbọ́ mi dáadáa. Kí gbogbo kíláàsì máa rákò wọ abẹ́ ríbọ́nnì bí ewúrẹ́, láìsí lẹ́tà, kí ẹnì kan sì yà á sórí fóònù?"

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ulé tí wọ́n kọ́ fọ́mọ," ó ní, "tí ẹ wá so ọ̀já mọ́ bí ẹni so ọmọ. Gbogbo ẹ̀yin ọlọ́gbọ́n ìlú! Ṣé ẹ ò ní ọ̀bẹ nílé ni?"

A ní ọ̀bẹ. Mo tilẹ̀ ra réésà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ilé ẹ̀kọ́ ti parí, èmi àti olùkọ́ kẹ́mísìrì lọ dúró níwájú ríbọ́nnì náà. Oòrùn ti bó o, etí rẹ̀ kan sì ti di jíjẹ, ewúrẹ́ ti tọ́ ọ wò. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ olùkọ́, réésà wà lọ́wọ́ mi.

"Ẹ gé e, sà," ó ní. "Ẹ̀yin ò sí lábẹ́ wọn mọ́."

"Owó ìfẹ̀yìntì mi ńkọ́? Ìwọ gé e. Ìwọ lo ni láàbù."

"Wọn ò tíì fún mi níwèé pé iṣẹ́ mi ti dúró, sà."

A dúró. Ewúrẹ́ náà ń rún nǹkan lẹ́nu, ó ń wò wá. Ó dà bíi pé òun náà ń retí nǹkan. Nígbà tó pẹ́, mo fi réésà náà rẹ́ èékánná mi kan tó ti ń yọ mí lẹ́nu, a sì lọ sílé.

Ìdánwò dé. Wọ́n kó ohun èlò àyálò wọ gbọ̀ngàn àpéjọ, ẹ̀gbẹ́ ibi tí tiwa tò sí lórí tábìlì lẹ́yìn ríbọ́nnì. Mo ń retí ọmọ náà lẹ́nu géètì. Ó jáde, kò sunkún.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ọ́ńkù, mi ò mọ̀ pé ó máa ń le bẹ́ẹ̀. Mo yí i, kò yí. Mo fi agbára sí i, ó bá tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Kí n tó mọ apá ibi tí mo máa yí i sí kó lè dá, ó ti pọ́n kọjá. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí n tún un ṣe, wọ́n ní ẹlòmíràn ti ń dúró."

"Kò burú. Ó lè má burú."

"Ọwọ́ mi ni," ó ní. Ó na àwọn ìka rẹ̀ síwájú mi, ó ń wò wọ́n, bíi pé àwọn ló jẹ̀bi.

Nígbà tí èsì jáde, ó yege nínú gbogbo rẹ̀, kẹ́mísìrì nìkan ló kù díẹ̀ káàtó. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ọdún yẹn ti lọ nìyẹn. Ọmọ pirinsípà náà ò rí kírẹ́díìtì tirẹ̀ gbà. Mo pàdé bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, a bọ ara wa lọ́wọ́.

Ìgbà tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀gá ńlá wá dé. Ríbọ́nnì tuntun ni wọ́n ta, nítorí ti àkọ́kọ́ ò dára fún fọ́tò. Wọ́n pe àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde padà láti wá wọ kóòtù funfun, kí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, torí pé àwọn ló ga tó kóòtù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà lára wọn. Kóòtù náà bá a mu, ó dà bíi nọ́ọ̀sì gan-an.

Mo ti sọ fún un nínú mọ́tò pé ẹ̀yìn ni mo máa jókòó sí, pé ẹ̀rín ni mo fẹ́ lọ rín. Ó ní, "Ẹ rín in dáadáa, Ọ́ńkù."

Ọ̀gá sọ̀rọ̀ gígùn. Ó yin ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ìlú méjèèjì. Wọ́n gbé sísọ́ọ̀sì wá nínú àwo. Ó mú un, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní òun ò lè dá a gé, kí pirinsípà méjèèjì wá, kí àwọn àgbà wá. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ gbohùngbohùn bá ké pé, "Púrọ́ọ̀fù wa dà? Ẹni tó kọ ìwé tó gba owó yìí wá! Púrọ́ọ̀fù!"

Mo gbọ́. Mo ti dìde kó tó pè é tán. Mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn kóòtù funfun, mo mọ ibi tí ọmọ náà dúró sí, n kò wo ibẹ̀. Ọwọ́ ti pọ̀ lórí sísọ́ọ̀sì náà, àmọ́ ààyè kékeré kan ṣì kù lókè. Mo fi ọwọ́ mi síbẹ̀, mo tún fìlà mi ṣe, mo yíjú sí kámẹ́rà, mo sì rẹ́rìn-ín. Èmi náà gé e.