Igi Tí Ó Mu Omi Àlùwàlá

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí lọ́dún tí ọ̀dá dá ní Sanson, ìlú wa, tí kànga fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán débi pé ekuru ilẹ̀ la fi ń ṣe tayamọ́mù dípò àlùwàlá. Òyìnbó kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ti ń gbọn ekuru náà kúrò lọ́wọ́, mo wo igi mi, mo sì figbe ta. Ewé rẹ̀ ti rọ bí ẹ̀fọ́ tí oòrùn pa.

Igi igbá kékeré ni, èyí tí à ń fi èso rẹ̀ ṣe irú. Ọjọ́ kan náà ni èmi àti ìyá ìyá mi gbin tèmi àti tiwọn. Ìdí tèmi ni mo ti máa ń ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, ló bá sanra. Tiwọn tín-ín-rín, mo sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́:

“Ìyá àgbà, ebi ń pa ọmọ yín o!”

“Ebi ọ̀hún ló ń kọ́ ọmọ mi nírìn, ọkọ mi.” Wọ́n á sì máa run obì wọn lọ, kọ́ọ́kọ́, kọ́ọ́kọ́.

Láàárọ̀ yẹn, wọn kò fi mí ṣe ẹ̀sín padà. Wọ́n mú ọkọ́, wọ́n rọra wa ìdí igi méjèèjì wò. Òórùn erùpẹ̀ gbígbẹ gba imú wa. Gbòǹgbò tèmi tẹ́ sójú ilẹ̀ bí irun, púpọ̀ rẹ̀ ti gbẹ. Tiwọn ki bí àtàǹpàkò, ó dorí kọ ìsàlẹ̀ tààrà. A kò rí òpin rẹ̀.

“Kí ló ń wá lọ sísàlẹ̀?”

“Omi ni. Tìrẹ kò wá a rí. Ìwọ lò ń gbé e lọ bá a lórí ẹní.”

Ẹ̀rín pa mí láàárín ẹkún. “Ṣé yóò kú?”

“Bí a bá tètè kọ́ ọ, kò ní kú.”

Wọ́n gbẹ́ ihò tóóró kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó jìn tó apá wọn. Wọ́n ri ìṣà omi kan tí ìdí rẹ̀ ti fọ́ síbẹ̀. Ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, a ó da omi tí a fi ṣan ọkà sínú rẹ̀. Mo fẹ́ ta díẹ̀ sí ìdí igi, wọ́n gbá mi lọ́wọ́: “Ìsàlẹ̀ loúnjẹ wà. Jẹ́ kó lọ síbẹ̀!”

Gbogbo ewé rẹ̀ re. Mo tún bú sẹ́kún.

“Jẹ́ kó bọ́ aṣọ,” ni wọ́n wí, “iṣẹ́ ló fẹ́ ṣe.”

Òjò àkọ́rọ̀ kò tíì rọ̀ tí igi náà fi rú ọ̀mùnú. Mo sáré yí agboolé ká. Ìyá àgbà gbé ọkọ́ lé èjìká, wọ́n ń jó bọ̀: “Ọmọ wa ti débi iṣẹ́ o!”

Nígbà tí mo dàgbà, mo kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ní kéú kí n tó fẹ̀yìn tì. Bí ọmọ bá kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan, èmi kì í sáré pè é fún un; mo máa ń jẹ́ kó kọ́kọ́ wá a fúnra rẹ̀. Mo máa ń rántí ìṣà onídìí fífọ́ yẹn. Àwọn kan rò pé igi tó wọ́wé ti kú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó gbé àáké, ẹ wa ìdí rẹ̀ wò. Bí ẹ bá sì gbin tuntun, ibi tí ẹ fẹ́ kí gbòǹgbò rẹ̀ dé ni kí ẹ gbé omi sí.